Ìpín Kan Nínú Ogún

Ọ̀dá kò pa wá, yìnyín kò pa wá;
àwọn ọmọ tó ń lọ tí wọn kì í bọ̀
ni wọ́n ń pa ìlú wa díẹ̀díẹ̀.
Ní Marnik, ní àárín Nebraska,
níbi tí oko àgbàdo ti ń lọ fara kan ojú ọ̀run,
akọ̀wé lọ́ọ́yà ni mí.
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń tẹ ìwé ìhágún.
Mo mọ iye ilẹ̀ tí Pavelka ní.
Mo mọ ọmọ tí Edna Wiebe yọ orúkọ rẹ̀ kúrò,
mo mọ ọjọ́ tó tún fi í padà.
Ẹnu mi kò sọ ọ́ rí.

Vlasta Hruska wọlé lóṣù Kẹwàá,
awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé fọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
eruku ìkórè lẹ́sẹ̀ bàtà rẹ̀.
Ó ní, "Pín ogún mi sọ́nà ogún.
Fún Marnik ní ẹyọ kan."
Mo ní, "Ìlú kì í jogún, Vlasta. Ọmọ ta ni ìlú?"
Ó wò mí bí ọmọ tó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sílé.
Ó ní, "Ọmọ mi ni. Kọ ọ́.
Kọ ọ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ìyá owó.
Kó jókòó sílé,
kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa jáde lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọọdún.
Ẹni tó pa ìyá adìyẹ jẹ, alẹ́ ọjọ́ kan ló yó."

Ó kú ní Fẹ́búárì.
Ilẹ̀ le bí irin; iná ni wọ́n fi yọ́ ọ kí wọ́n tó lè gbẹ́ ẹ.
Radim, ọmọ àbúrò rẹ̀, wá láti Denver,
ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.
"Kí ni ìlú yìí ṣe fún un?"
N kò fèsì. Ṣùgbọ́n mo rántí
alẹ́ tí yìnyín bo bọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá afárá,
ọmọ mẹ́rìnlá nínú rẹ̀,
tí katakata méje tanná wá láti oko méje,
tí ẹnikẹ́ni kò béèrè pé ọmọ ta ni.

Lọ́dún àkọ́kọ́, irínwó dọ́là ó lé mẹ́fà ló jáde.
Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nípàdé.
A fi ra táyà yìnyín fún áńbúláǹsì:
méjì péré.
Méjì yòókù ní láti dúró dèèmíràn.
Èèmíràn dé, a rà wọ́n.
Ọdún tó tẹ̀ lé e, a tún òrùlé ilé ìkàwé ṣe
níbi tó ti máa ń jò sórí àwọn ìwé ìtàn.
Vlasta ti wà nílẹ̀, ó ṣì ń gbé wa lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni Pavelka wọlé,
fìlà lọ́wọ́.
"Ohun tí Vlasta kọ yẹn,
kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà."

Ẹ̀yin onílẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé kan àti ìfẹ̀yìntì,
kò sẹ́ni tó ní kí ẹ febi pa ọmọ yín.
Ìpín mọ́kàndínlógún ṣì jẹ́ tiwọn.
Ẹyọ kan ni ti ibi tó bá yín tọ́ wọn.
Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn,
òun náà ni yóò dá ru igbá rẹ̀ délé;
ní Marnik, ilé jìnnà, ọ̀nà sì ń yọ̀.

Lálẹ́ àná, ìyàwó mi bi mí:
"Tìrẹ ńkọ́? Ta ló tẹ tìrẹ?"
Mo ní ọwọ́ mi dí.
Ó gbé ìwé kan wá, ó gbé gègé lé e lórí,
ó sì lọ sùn.
Mo ti kọ orúkọ mi.
Mo ti fa ìlà ogún.